Mo sanwó inverter àti bátìrì tán, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó tà á fún mi ló ṣì ń pàṣẹ lé e lórí

Ìyá Ẹlẹ́ja Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ibí. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ẹja inú yìnyín ni mo ń tà, fírísà mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè mi tán, mo kó àjọ, mo yá owó kún un ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra sólà. Pánẹ́ẹ̀lì, inverter àti bátìrì lithium méjì, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló dáa jù, pé tí ohun gbogbo bá ti jẹ́ tàwọn, kò ní sí ìjà láàárín wọn.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, ó ṣiṣẹ́. Ẹja mi ò bàjẹ́, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì dópin. Ìgbà tí bátìrì kan dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ní àwọn ò kó irú rẹ̀ wọlé mọ́, pé èyí tó wà nílẹ̀ báyìí kò lè bá inverter tèmi ṣiṣẹ́, àfi kí n ra inverter tuntun pẹ̀lú. Mo bá lọ ra bátìrì ilé-iṣẹ́ mìíràn. Volt wọn dọ́gba, ìwọ̀n wọn dọ́gba. Bí wọ́n ṣe so ó báyìí, inverter tan iná pupa, ó ń han gooro, ó ní òun ò rí bátìrì. Bátìrì rèé níwájú rẹ̀! Ọmọ tó wá so ó fẹ́ wọ inú ètò rẹ̀ lọ tún un tò, ẹ̀rọ ní kó tẹ nọ́ńbà aṣínà. Mo pe ilé-iṣẹ́, wọ́n ní àwọn kì í fún oníbàárà ní nọ́ńbà yẹn.

Ìbéèrè mi nìyí: owó mi ni, ṣọ́ọ̀bù mi ló wà, èmi ni mò ń san gbèsè rẹ̀. Kí ló dé tí n kò lè ṣí i? Ṣé ẹnì kankan mọ ọ̀nà àbáyọ?

Sólà Ìbàdàn

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, mo sì máa ń bá irú rẹ̀ pàdé gan-an. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí àwọn tó fẹ́ rà náà lè gbọ́.

Inú bátìrì lithium kọ̀ọ̀kan ni pátákó kékeré kan wà tí à ń pè ní BMS. Òun ló ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Ó mọ èyí tó gbóná, ó mọ èyí tó ti kún, òun ló sì máa ń sọ fún inverter pé iná báyìí ni kó fi sí òun, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kébù tín-ín-rín tó jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì, tó lọ láti ara bátìrì sí ara inverter, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yẹn ń gbà, ìyẹn CAN tàbí RS485, gbogbo ayé ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ gba ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀. Kódà, bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe to wáyà mẹ́jọ tó wà lórí kébù yẹn kọ́ ni èkejì ṣe tò ó. Ìdí nìyẹn tí volt fi dọ́gba tí inverter sì ń han: kò gbọ́ ohun tí bátìrì tuntun ń wí, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé tí kò bá ti gbọ́, kó má ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ inverter ni ó ní àbáyọ. Wọ́n á yọ kébù yẹn, wọ́n á yan "USER" níbi tí wọ́n ti ń yan irú bátìrì, wọ́n á wá fọwọ́ ara wọn tẹ volt sí i. Bátìrì 51.2 volt tó wọ́pọ̀, sẹ́ẹ̀lì 16 ló wà nínú rẹ̀, 3.2 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbígba iná rẹ̀ sábà máa ń dúró níbi 56, lílò rẹ̀ á sì dúró ní nǹkan bí 48. Ìwé tó bá bátìrì wá ni kí ẹ tẹ̀ lé o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Kí wọ́n rí i dájú pé wọ́n pa "equalization", ìyẹn fífi volt tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ rọ iná sí bátìrì látìgbàdégbà. Bátìrì olómi ni wọ́n ṣe é fún, ó lè ba lithium jẹ́. Kí wọ́n má sì so ti tẹ́lẹ̀ tó kù pọ̀ mọ́ tuntun láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló wà nídìí rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ ni pé iye tí inverter máa kọ sójú pé ó kù kò ní ṣeé gbára lé. Volt lithium kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà títí á fi kù díẹ̀ kó tán, ìgbà yẹn ló máa wá já wálẹ̀ lójijì.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, ẹ̀yìn nọ́ńbà aṣínà yẹn ló wà. Ẹ kọ ìwé sí wọn, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù mọ́. Tí wọ́n bá kọ̀, FCCPC wà fún ẹjọ́ oníbàárà, òfin 2018 ló gbé e kalẹ̀.

Ẹnjiníà Òṣogbo

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé olè ni gbogbo ilé-iṣẹ́ tó bá ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa. Tí ọmọ iṣẹ́ kan bá tẹ 64 dípò 56, BMS tó dáa nìkan ló máa yọ ilé yẹn. Tó bá wá jẹ́ ayédèrú ni BMS ọ̀hún ńkọ́? Ta ni wọ́n máa pè? Ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i pé òun á tún un ṣe ni. Mo ti rí ibi tí oníinverter ti ní bátìrì ló jẹ̀bi, tí oníbátìrì ní inverter ló jẹ̀bi, tí ẹni tó ra méjèèjì sì jókòó sínú òkùnkùn. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ló ni gbogbo rẹ̀, kò síbi tí wọ́n fẹ́ sá gbà. Nǹkan téèyàn ń sanwó lé nìyẹn.

Alátùn-únṣe Ìkẹjà

Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Wọ́n ti ṣáà sọ fún Màmá pé àwọn ò kó irú rẹ̀ wọlé mọ́. Ibi tí wọ́n sá gbà nìyẹn.

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Computer Village, ọ̀rọ̀ ààbò yìí náà ni wọ́n fi ń dí wa lọ́wọ́. Nígbà tí iPhone 13 jáde ní 2021, tí ẹnikẹ́ni tí Apple ò mọ̀ bá pààrọ̀ ojú rẹ̀ (screen), Face ID tó ń fi ojú èèyàn ṣí fóònù á ṣíwọ́ iṣẹ́. Kì í ṣe pé ojú ọ̀hún jẹ́ ayédèrú o. Ẹ yọ ojúlówó lára ọ̀kan sí èkejì, bákan náà ni. Nọ́ńbà kan wà lára ojú fóònù, fóònù sì mọ nọ́ńbà èyí tó bá a jáde. Ariwo sọ káàkiri ayé, kí ọdún yẹn tó parí Apple ti fi iOS 15.2 yọ ìdíwọ́ náà kúrò. Tó bá jẹ́ ààbò ni lóòótọ́, ṣé wọ́n á tètè yọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, kí ẹ mọ ohun tí oníbàárà ń sanwó fún kí fóònù má baà kọ ìkìlọ̀ sójú: màá fi atẹ́gùn gbígbóná tú IC tí nọ́ńbà yẹn wà nínú rẹ̀, tó kéré ju èékánná ìka kékeré lọ, kúrò lára ojú tó ti fọ́, màá fọ ìdí rẹ̀ mọ́, màá wá jó o mọ́ ara ojú tuntun lábẹ́ awò ńlá. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, ojú tuntun ti lọ nìyẹn. Gbogbo làálàá yìí kò mú kí fóònù dáa ju bó ṣe wà lọ. Nítorí kó má baà sọ pé òun ò mọ ojú náà ni.

Ní March 2024, gómìnà Oregon l'Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tó ka irú ìsopọ̀ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ní January 2025, FTC, àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn tó ń gbèjà oníbàárà, gbé John Deere lọ sílé ẹjọ́, nítorí pé àgbẹ̀ tó ra katakata kò lè tún un ṣe tán láìsí sọ́fítíwíà tó jẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń bá Deere tajà nìkan ló wà. Ẹ wo àgbẹ̀ tí òjò ń ṣú lé lórí, tí irè rẹ̀ ti gbó lóko, tó ń dúró de ẹni tó máa gbé kọ̀ǹpútà wá.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ yín rán mi létí ayé Starcomms, Multilinks àti Visafone. Ọ̀pọ̀ fóònù CDMA wọn ni kò ní síìmù rárá, inú fóònù gan-an ni nọ́ńbà wà. Owó ìpè wọn kò wọ́n, ohùn wọn sì ń dún ketekete, la ṣe sáré rà á. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ bá ti kógbá sílé, fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ di ohun ìṣeré ọmọdé nìyẹn, kò sí síìmù tí o fẹ́ fi sí i. Nọ́ńbà tí gbogbo oníbàárà mọ̀ ẹ́ sí náà sì bá a lọ.

Ẹ wá wo ohun tí òfin ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Ní April 22, 2013, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn nẹ́tíwọ̀kì, bẹ̀rẹ̀ ètò tó jẹ́ kéèyàn lè kúrò ní nẹ́tíwọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn kó sì mú nọ́ńbà rẹ̀ dání. Ẹ ó kọ PORT ránṣẹ́ sí 3232. Ṣáájú rẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì lè ṣe ẹ́ bó ṣe wù ú, torí ó mọ̀ pé o ò ní fẹ́ sọ nọ́ńbà tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ nù. Ìjọba ló dá sí i kó tó tú wa sílẹ̀, kì í ṣe pé ojú àánú wà lára nẹ́tíwọ̀kì kankan.

Nọ́ọ̀sì Manchester

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Níbí náà, òfin ló tú wa sílẹ̀. Mo fi fóònù kan ránṣẹ́ sí àbúrò mi n'Ílọrin nígbà kan, ó fi síìmù Nàìjíríà sí i, fóònù ní òun ò mọ̀ ọ́n, àfi ti nẹ́tíwọ̀kì tí mo ti rà á. Mo ti san owó rẹ̀ tán pátápátá o! Àbúrò mi tún ń sanwó fún ẹni tó máa tú u. Láti December 2021 ni Ofcom, àjọ tó ń bójú tó nẹ́tíwọ̀kì níbí, ti fòfin dè é pé nẹ́tíwọ̀kì kankan ò gbọdọ̀ ta fóònù tí wọ́n tì mọ́ ara wọn mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ̀gbọ́n yín ń ra fóònù bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ ṣì ní láti bi wọ́n léèrè dáadáa, torí ọ̀pọ̀ tọ̀hún ṣì wà ní títì.

Ọ̀rọ̀ ṣájà náà ńkọ́? Láti 2012 tí Lightning ti dé, kébù tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni iPhone ń lò. Ilẹ̀ Yúróòpù wá ṣòfin ní 2022 pé USB-C ni gbogbo fóònù gbọ́dọ̀ máa lò láti December 28, 2024. Apple kò dúró dìgbà yẹn, iPhone 15 tó jáde ní September 2023 ti ní USB-C. Bí ilé-iṣẹ́ tó ní a ò lè ṣe é ṣe máa ń yára ṣe é tí òfin bá ti dé nìyẹn.

Òǹtẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ jẹ́ kí n gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ díẹ̀, torí ìwé ni ó ń dùn mí jù.

Kí Unicode, ìlànà kan náà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, tó kárí, tí a bá fẹ́ tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, a máa ń ra fọ́ǹtì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú àyè àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni kì í sábà lò, wọ́n ya ẹ, ọ, ṣ àti àwọn tó ní àmì ohùn síbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, àmì àjèjì ṣì ni. Ojú tiwa nìkan ló ń rí ẹ. Fọ́ǹtì ẹni kìíní kò sì bá ti ẹni kejì mu. Tí o bá gbé ìwé lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, jágbajàgba lásán lo máa rí.

Ẹbí òǹkọ̀wé kan tó ti dolóògbé gbé fáìlì wá bá mi, wọ́n fẹ́ tún ìwé bàbá wọn tẹ̀. Ìtàn ìlú wọn ni, oríkì ìdílé pọ̀ nínú rẹ̀. Mo ṣí i, ibi tó yẹ kí ọ wà, àmì owó ilẹ̀ òkèèrè ló wà ńbẹ̀. Ẹni tó ta fọ́ǹtì náà kò sí mọ́, ètò tí wọ́n fi to ojú ìwé náà ò sì ṣeé gbé sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n ti tẹ̀ ṣì wà nílé wọn, inú rẹ̀ la ti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì ohùn. Bí kò bá sí ẹ̀dà yẹn, oríkì náà ti wọlẹ̀ nìyẹn. Bátìrì Màmá ṣeé rà míì. Irú ìwé báyìí kò ṣeé rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, Unicode ni kí ẹ lò. Àyè ẹ, ọ, ṣ wà nínú rẹ̀ gbangba, kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ inú ìwé yín sí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán lọ́tọ̀, kí ẹ sì tọ́jú PDF rẹ̀ fún bó ṣe rí lójú. PDF ti di ìlànà ISO láti 2008, kò sí lábẹ́ ẹnì kan mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀

Mò ń kà á bọ̀ láti òkè. Òǹtẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ gan-an. Mo ní fáìlì bàbá mi àgbà tó rí bẹ́ẹ̀, màá gbé e wá bá yín.

Ọ̀dọ́ Kóòdù

Ẹnjiníà, mo fẹ́ dá yín lóhùn lórí ohun kan. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé ohun tó bá ṣí sílẹ̀ kò lè ní ààbò. Ẹ wo mítà àsansílẹ̀ tó wà lára ògiri yín. Nọ́ńbà 20 tí ẹ máa ń tẹ̀ sí i, ìlànà kan tó ń jẹ́ STS ló wà nídìí rẹ̀, South Africa ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe mítà lè tẹ̀ lé e. Mítà ilé yín lè yàtọ̀ sí ti aládùúgbò yín, ẹ̀rọ tó ń ta iná fún ẹ̀yin méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan. Síbẹ̀, mélòó nínú wa ló lè jókòó sílé hun nọ́ńbà tí mítà máa gbà? Kọ́kọ́rọ́ mítà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi pa mọ́, ìlànà rẹ̀ kò pa mọ́.

Ẹ sì rántí November 24, 2024, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa tẹ nọ́ńbà méjì kan kí mítà tó lè máa gba káàdì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1993 ni STS ti ń ka ìṣẹ́jú, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un ló kún lọ́jọ́ yẹn. Nítorí pé ìlànà kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, gbogbo ayé ti mọ ọjọ́ yẹn tipẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju pé kéèyàn tẹ nọ́ńbà. Ká ní ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ ni, tí òmíràn sì ti kógbá sílé, mítà mélòó ni à bá kó dànù?

Ohun tí mò ń béèrè fún ní ti bátìrì kò jù báyìí lọ: kí ilé-iṣẹ́ kọ ohun tí BMS rẹ̀ ń sọ sínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni lè rí i kà. Àwọn kan ti ń ṣe é, inverter wọn sì ń gba bátìrì oríṣiríṣi.

Ẹnjiníà Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ mítà yẹn, mo gbà á, àpẹẹrẹ tó dáa ni. N kò sì rí àwíjàre kankan fún ilé-iṣẹ́ tó bá dá iṣẹ́ dúró lórí ẹ̀rọ kan tó ṣì di nọ́ńbà aṣínà rẹ̀ mú. Bí o kò bá tún un ṣe mọ́, jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí pé ẹni tó bá ṣí i fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà wá sọ pé kí wọ́n fún òun ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọmọ mi bá mi kọ ìwé náà, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀dà rẹ̀ ń lọ sí FCCPC. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní nọ́ńbà náà tí mo bá fọwọ́ sí i pé mi ò ní béèrè àtúnṣe ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wọn mọ́. Ó dùn mí, torí ó ṣì ku ọdún méjì kí ó pé, ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró de ẹjọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Ọmọ tó wá so ó yan USER bí Sólà Ìbàdàn ṣe wí, ó tẹ 56 àti 48 bó ṣe wà nínú ìwé bátìrì. Fírísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń gbé e, nítorí náà mò ń pa fírísà kan lálẹ́. Iye tó ń kọ sójú kò dúró lójú kan lóòótọ́: lálẹ́ àná ó kọ ọ́ pé ó ku 60, kò pẹ́ tó fi bọ́ sí 20.

Èyí tó kù nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kí n tà á ni? Àti èyí tó kú, àwọn tó ń ra irin ti ń bi mí léèrè.

Sólà Ìbàdàn

Màmá, ẹ má tà á fún wọn o! Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n là á, iná lè sọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ní bátìrì lithium kú, BMS rẹ̀ nìkan ló kú, sẹ́ẹ̀lì 16 inú rẹ̀ ṣì lè pé. Kí ẹni tó mọṣẹ́ ṣí i, kó fi mítà wọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo rẹ̀ bá súnmọ́ ara wọn, tí kò sí èyí tó wú, BMS tí kò bá ilé-iṣẹ́ kankan tan wà lọ́jà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó owó bátìrì tuntun rárá. Irú BMS yẹn náà la lè fi sínú èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí àwọn ti tẹ́lẹ̀ méjèèjì lè máa gbé e pọ̀.

Ní ti iye tó ń fò sókè-sódò yẹn, ẹ ra mítà kékeré tó ní shunt, tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ òdì bátìrì. Iná tó wọlé àti èyí tó jáde ló ń kà, kì í fi volt méfò. Mò ń bọ̀ l'Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ kan ní Òkè-Ìlewó. Tí ẹ bá fẹ́, màá yà bá yín wọn àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Kí ẹ ṣáà tọ́jú ìwé tó bá a wá.

Ìyá Ẹlẹ́ja Abẹ́òkúta

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ìwé rẹ̀ wà níbí, mo ti gbé bátìrì náà sí ibi tí oòrùn ò lè pa á. Ẹ máa bọ̀.